Obìnrin Ọlọ́wọ́ Tútù Tó Ń Béèrè Orúkọ Oògùn

Aláìsàn mẹ́ta tí wọn ò mọ ara wọn rí ló bi mí ní ìbéèrè kan náà láàárín oṣù méjì: "Nọ́ọ̀sì, ta ni obìnrin ọlọ́wọ́ tútù yẹn?" Orí bẹ́ẹ̀dì kẹfà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn sí. Wọ́n ní á fọwọ́ kan ojú egbò àwọn, á sì rọra béèrè orúkọ oògùn tí a ń fún wọn. Tí wọ́n bá sọ ọ́, á ní, "Mo mọ ìyẹn." Láti ọjọ́ náà, oògùn yẹn ò ní ràn wọ́n mọ́. Méjì nínú wọn kú.

Mo ní ibà ló ń mú wọn sọ̀sọkúsọ. Àfìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi, tó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì kẹfà nìkan ló ṣófo. Lọ́jọ́ kẹrin, ojú abẹ rẹ̀ wú, ọyún ń jáde. Oògùn àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́. Ìkejì náà ò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí mo ṣe ń là á yé àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Tíṣà. Kòkòrò àrùn tí oògùn lù tí kò pa, ó ti mọ ọwọ́ ìjà oògùn náà nìyẹn. Á fi ọgbọ́n náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ló ti ń bá oògùn pàdé jù, ibẹ̀ náà ló ti ń gbọ́n jù.

Mo jókòó ti àbúrò mi ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Mo ṣáà dìde lẹ́ẹ̀kan, mo pààrọ̀ aṣọ ojú egbò rẹ̀. Ó lajú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."

"Ta ni?"

"Ọlọ́wọ́ tútù. Ó tún béèrè."

Mo ní kí wọ́n wá yẹ yàrá náà wò.

Bàbá Ìgò, ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò, fi òwú nu bẹ́ẹ̀dì, ẹnu ẹ̀rọ omi àti ọwọ́ gbogbo wa, kó lè mọ ibi tí kòkòrò náà fara pa mọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Abẹ́ òrùka yín ló wà."

Òrùka tí olóògbé ọkọ mi fi sí mi lọ́wọ́ ni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mi ò bọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń sọ fáwọn ọmọ pé, "Ẹ bọ́ òrùka kẹ́ ẹ tó fọwọ́." Ta ló fẹ́ wo ojú Tíṣà kó ní, "Tiyín ńkọ́?"

Ọṣẹ ni mo fi yọ ọ́. Awọ abẹ́ rẹ̀ funfun, ó rin, ó tutù. Bàbá Ìgò dé e mọ́nú ìgò. Ọjọ́ yẹn náà ni dókítà bẹ̀rẹ̀ oògùn tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ wa, ti ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹta, ibà lọ. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín gbóná lónìí."

Mo yíjú sí fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo wà tí Bàbá Ìgò fi wọlé, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ ò sọ pé ìbejì ni yín! Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mà tutù o!"

"Ṣé ẹ gbé òrùka fún un?"

"Rárá. Kò tiẹ̀ béèrè òrùka. Orúkọ oògùn tuntun àbúrò yín ló fẹ́ mọ̀."

"Ẹ sì sọ fún un?"

"Ṣé ẹbí yín kọ́ ni?"

Mo wo oògùn tó ń kán tó, tó, sára àbúrò mi. Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́rin.