Obìnrin Inú Awò Awọnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ dúró sórí òkè tó wà lẹ́yìn Ẹdúnàbọ̀n nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò ni. Lágúnjú awọnlẹ̀, ọmọ Ìlódè, lọ ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀: òkè, kòtò, igbó. Òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ iṣẹ́ náà. Igbó yẹn ni Fàòsíyà, ìyàwó rẹ̀, lọ ṣa obì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà náà, tí kò padà. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí bàtà. Àwọn àna ní kí àwọn ṣe àdúà òkú fún un. Lágúnjú kọ̀ jálẹ̀. Ojú tó ń retí èèyàn kì í kúrò lọ́nà.

Hakeem, tí ń bá a di ọ̀pá ìwọnlẹ̀ mú, dúró lórí òkè kejì, kòtò wà láàárín wọn. Lágúnjú fi ojú sí awò tó gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́ta. Awò àtijọ́ ni. Ohun gbogbo ló máa ń dorí kodò nínú rẹ̀. Igi dorí kodò. Hakeem dorí kodò.

Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hakeem. Òun kò dorí kodò.

Lágúnjú gbójú kúrò. Hakeem nìkan ló rí. Ó tún fojú sí awò. Obìnrin náà ró ìró bí Fàòsíyà ṣe máa ń ró o, etí ìró náà sí apá òsì.

"Hakeem! Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Èmi àti ebi ni, ọ̀gá! Ẹ ṣe kíá!"

Ẹyẹ kò ké mọ́. Atẹ́gùn dá. Lágúnjú pe Hakeem wá sídìí awò.

"Wo inú ẹ̀."

Hakeem wò ó.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Má gbójú kúrò. Fi ọwọ́ darí mi, bí mo ṣe máa ń darí ẹ."

Lágúnjú sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó gun òkè kejì. Koríko lásán ló bá. Lókèèrè, Hakeem ń juwọ́: òsì. Òsì díẹ̀ sí i. Iwájú. Ọwọ́ náà wá ròkè, ó dúró. Ó ti débẹ̀ nìyẹn.

"Fàòsíyà," ló pè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Èmi ni."

Ohùn Hakeem gba orí kòtò kọjá wá.

"Ọ̀gá! Ó ti dì mọ́ yín o!"

Lágúnjú kò rí nǹkan kan. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò tutù. Hakeem ń pariwo pé kó máa bọ̀, ilẹ̀ ń ṣú. Lágúnjú rọra gbé ọwọ́ méjèèjì, ó gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra, kò sì jẹ́ mí kanlẹ̀, kó má baà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.