Ògiri Tí Kò Gba Ọ̀dà

Dúró ná! Ìwọ tí o fẹ́ fi ojú fo ọ̀rọ̀ yìí kọjá, gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí o gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ìlà kejì ni ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí máa ń jókòó sí nínú ìjọ wa, mi ò sì ní pa irọ́ mọ́ ọn níwájú Ọlọ́run.

Ọmọ́wùmí ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ilé kan sílẹ̀ ní Ipakodo, ilé onípáànù tó ti dípẹtà. Iwájú rẹ̀ ni bàbá ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ní Ìkòròdú, ta ni kò mọ ìdí? Gbájúẹ̀ lè ta ilé onílé kí onílé tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé bàbá yàtọ̀. Ayùn ilé ìlagi ti gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka mẹ́ta ló fi ń kọ̀wé, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ a sì máa dà sẹ́yìn, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń bì.

Inú ilé náà ni Àǹtí Fúnmbí ń gbé, àbúrò bàbá. Afọ́jú ni. Kò lo ọ̀pá rí. Ọwọ́ ló fi mọ ilé: ibi tí ògiri ti sán, ibi tí ilẹ̀kùn wà, ìṣísẹ̀ méje sí ilé ìdáná. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó di ọwọ́ Ọmọ́wùmí mú.

"Má gbé e kúrò níbí."

"Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún yín, Bàbá. Níwájú Ọlọ́run."

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ilé tí Ọmọ́wùmí ń kọ́ ní Ìgbògbò kò tíì ní òrùlé. Ó ní òun á ta ti Ipakodo. Ajẹ́ntì ní ilé ayé àtijọ́ ni, kí ó tún un ṣe ná kí ojú tó lè wò ó. Ni wọ́n bá wó ògiri àárín pálọ̀. Wọ́n lẹ táìlì. Wọ́n ṣe àjà tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Fúnmbí forí sọ òpó. Ó dúró, ó ń fọwọ́ wá inú afẹ́fẹ́.

"Ọmọ́wùmí, ta ló ń jí ògiri wa gbé?"

Ní Sátidé, Ọmọ́wùmí gbé e lọ sí yàrá kan tó háyà ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn Ọjà Olúwo. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Síkírù akunlé kun iwájú ilé ní ọ̀dà funfun. Kí ó tó di ọ̀sán, àkọlé pupa náà ti tún yọ síta.

"Ọ̀dà àtijọ́ ni, mà. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó tún kùn ún. Ó tún yọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, Síkírù fi ìka kan án, ó sì wo ìka rẹ̀ pẹ́.

"Mà, funfun tèmi ti gbẹ. Pupa yìí ni kò tíì gbẹ."

Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jọ. "Èmi kì í bá onílé jà."

"Èmi ni onílé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọmọ́wùmí kò gbà. Ó ní kí wọ́n ha ògiri náà dé búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì lẹ òkúta bò ó. Àkọlé náà lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́sàn-án gangan, ẹni tó fẹ́ ra ilé dé, Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúnrìn. Ó yí gbogbo ilé po, ó ń mi orí.

"Ó wù mí. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

Ibẹ̀ ni fóònù dún. Làtífátù ni, onílé tó háyà yàrá Ẹ̀pẹ́ fún un.

"Ẹ gbọ́ ná, ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ ta ilé mi?"

"Ọ̀rọ̀ yín ò yé mi."

"Ẹ wá ka ohun tí ẹ kọ sára ògiri mi! Afọ́jú ló ń gbénú yàrá, ẹ̀ ń kọ̀wé sára ògiri fún un!"

Nígbà tí Ọmọ́wùmí dé Ẹ̀pẹ́, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo àdúgbò. Nínú yàrá, òórùn ọ̀dà ni. Ó wà lára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Gbogbo lẹ́tà náà dà sẹ́yìn.

Àǹtí Fúnmbí jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ti wọ bàtà.

"O ti dé? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n múra, pé o ń bọ̀ wá mú mi lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n yín wo?"

"Ẹ̀gbọ́n mélòó ni mo ní?" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i.

Ọ̀dà pupa wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dì í mú. Ìka mẹ́ta.

Mo gbàgbọ́ pé òkú kì í rìn. Mo tún gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ ẹ̀jẹ́. Bí méjèèjì ṣe pàdé nínú yàrá yẹn, n kò mọ̀. Àǹtí Fúnmbí ti padà sí Ipakodo, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ́tun. Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúnrìn ṣì ń pe fóònù, Ọmọ́wùmí kì í gbé e. Ọ̀dà ọwọ́ yẹn sì wà níbẹ̀ títí di Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ọṣẹ kò bó o. Kẹrosíìnì kò bó o.

Ìwọ tí o ń ka èyí, tí o ti gbé ẹni tí o jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí kúrò nílé rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má ra ọ̀dà mìíràn. Yí padà lónìí. Lọ mú un wá sílé.