Odò Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Ọ̀sán ni àbúrò Ṣókí bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, bó ti ń ká àwọn aṣọ wẹ́wẹ́ tó ti fọ̀ sílẹ̀ de ọmọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọkọ rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ áńbúláǹsì, ó sì pe Ṣókí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀! Ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù!”

Ṣókí kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Bí o bá bi í pé ṣé dáadáa ló jí, “Mo jí” ni yóò dá ọ lóhùn. Ilé iṣẹ́ áńbúláǹsì yẹn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ṣe àwọn irinṣẹ́ ìṣirò tí ẹ̀rọ olóye wọn ń lò, ẹ̀rọ tó ń gba ìpè, tó ń yan ilé ìwòsàn, tó sì ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀.

Ó bá wọn nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Awakọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ó ní. “Ẹ̀rọ ti yan ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù.”

Bí wọ́n ṣe ń lọ, ọkọ̀ dúró gbì. Odò ló wà níwájú wọn. Ilé ìwòsàn náà wà ní òdìkejì, wọ́n ń rí àwọn nọ́ọ̀sì lójú fèrèsé.

“Afárá dà?” ni ọkọ àbúrò rẹ̀ ń pariwo. “Afárá dà?”

Afárá jìnnà réré, lókè odò lọ́hùn-ún.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni àbúrò rẹ̀ rọra béèrè, “ṣé a ti dé?”

Ṣókí ké sí awakọ̀ pé kó yí ọkọ̀ padà.

Kí wọ́n tó yí ọkọ̀ padà, kí wọ́n tó gba orí afárá dé ọ̀hún, ọmọ ti kú sínú. Dókítà rí ìyá rẹ̀ gbà là. Obìnrin ni ọmọ náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọ̀gá Ṣókí, ìyá àgbàlagbà kan, pè é sí yàrá rẹ̀. Ó ti yẹ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ náà wò.

“Pẹ̀lẹ́, kú àmúmọ́ra. Jókòó. Irinṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ lè fi wọn ọ̀nà, àkọ́kọ́ ló sì lò lọ́jọ́ náà. Ka àlàyé tí o kọ sára àkọ́kọ́.”

“‘Ó ń ṣírò bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibòmíì.’”

“Èkejì ńkọ́?”

“‘Ó ń ṣírò ọ̀nà láàárín ibi méjì.’”

“Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn?”

“Àkọ́kọ́ ń wọ̀n ọ́n gbọọrọ, bí ìgbà tí ẹyẹ bá fò ó. Kò mọ odò, kò mọ afárá. Èkejì ló ń tẹ̀ lé títì.”

“Ibo lo kọ ìyẹn sí?”

Ṣókí dorí kodò. “Mo rò pé yóò yé e ni, mà. Ìṣirò yẹn ò kúkú ṣì. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀...”

“Là ń sọ fún ọmọlúwàbí.” Ìyá náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúwàbí. Àbọ̀ tó bá wọnú rẹ̀, àbọ̀ náà ló máa jẹ́. Kì í yọjú wo inú irinṣẹ́. Àlàyé tí o kọ ló ń kà, òun ló sì fi ń yan èyí tó máa lò. Ìṣirò rẹ pé, ọ̀rọ̀ rẹ ni kò pé.” Ó mí kanlẹ̀. “Èmi náà buwọ́ lù ú. Mi ò kà á.”

Kò jágbe mọ́ ọn. Ì bá sàn fún Ṣókí bó bá jágbe. Àwọn méjèèjì jọ tún un kọ:

“Bí ìgbà tí ẹyẹ bá fò ó ni irinṣẹ́ yìí ń wọn ọ̀nà, ní kìlómítà. Kò ka odò tàbí títì sí. Má ṣe fi yan ilé ìwòsàn fún ọkọ̀. Irinṣẹ́ ojú títì ni kí o lò. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, pe èèyàn.”

Ṣókí ti ibẹ̀ gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Orí ibùsùn ló bá a, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ láyà.

“Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́,” àbúrò rẹ̀ sọ. “Agbè ni gbogbo wọn ń pè mí.”

Ṣókí kúnlẹ̀ tì í, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kankan pa mọ́.

“Báwo lọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò kọ yẹn ṣe pọ̀ tó, Ẹ̀gbọ́n?”

“Kò ju ìlà mélòó kan lọ.”

Àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tó ń ṣe irinṣẹ́ ìṣirò fún ẹ̀rọ olóye, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àlàyé. Ẹ kọ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹ sọ irú nọ́ńbà tó ń gbà, bóyá mítà ni tàbí kìlómítà, àti ohun tó máa dá padà bí nǹkan bá yíwọ́. Bí irinṣẹ́ méjì bá jọra, ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sára méjèèjì. Kí ẹ tó fi síṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ kà á. Ibi tó bá ti bi yín léèrè, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kù sí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ẹ kọ ọ́ tán. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní ráyè parí ọ̀rọ̀ yín fún yín.