Gbogbo Ọmọ Tó Wà Nínú Ìwé

"Apá sókè! Apá sílẹ̀! Dúpẹ́, ṣé ọmọ lò ń kọ́ ni àbí ò ń lé ẹyẹ lóko?"

Àwọn olùkọ́ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lórí pápá bú sẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ó tún apá rẹ̀ nà ṣánṣán. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òun nìkan sì ni obìnrin láàrin àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀gá Sàlàkọ́ tó ń pariwo mọ́ ọn, olórí ilé-ẹ̀kọ́, ti ṣe sójà lógun Kàmẹ́rúùnù rí. Òun ló ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa darí àwọn ọmọ nínú eré ìdárayá, èyí tí gbogbo Ìwó ń pè ní dírìlì. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí òyìnbó alábẹ̀wò dé láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá darí kíláàsì rẹ̀ dáadáa yóò gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà. Bí Dúpẹ́ kò bá gbà á, bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ tán, ilé ọkọ ní Kuta ló kàn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀gá pè wọ́n jọ.

"Ẹ gbọ́ o. Àwọn ọmọ tí sòbìyà ń bá jà lẹ́sẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ìlà tó gún régé ni òyìnbó fẹ́ rí."

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Sòbìyà ti mú ọmọ mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí Dúpẹ́ ń kọ́. Fàtímọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń fi ọ̀pá tilẹ̀ wá láràárọ̀ ni, kò sì pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ rí.

Dúpẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. N kò ní lè lé wọn."

"Kí lo wí?"

"Ìka kò dọ́gba, sà, síbẹ̀ a kì í gé èyí tó kúrú sọnù. Bí dírìlì bá jẹ́ ẹ̀kọ́, ti gbogbo wọn ni."

"O fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi? Ó dáa. Ojú rẹ ni o ó fi rí i."

Lójú ọ̀nà, Adégòkè, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ kékeré náà, fà á lápá. "Ọjọ́ kan péré ni, Dúpẹ́. Ta ni yóò mọ̀?"

"Àwọn ọmọ yóò mọ̀."

Dúpẹ́ yí ìtì igi méjì wá sórí pápá. Ó mú àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn jókòó sórí wọn, ó sì kọ́ wọn ní eré apá àti ti ọrùn.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ Adégòkè tò bí okùn tí a fà le, òyìnbó sì mi orí pé ó dára. Ó kan Dúpẹ́. Bí Fàtímọ̀ ti na apá sókè, ó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó ṣubú. Ọmọ méjì sá kúrò nínú ìlà láti gbé e. Àwọn èrò ìwòran hó yèè.

Òyìnbó fa ojú ro. Ó bèèrè ohun tí àwọn aláìsàn ń ṣe níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, sà. Apá wọn kò ṣe nǹkan kan," ni Dúpẹ́ dáhùn.

Fàtímọ̀ ti padà sórí igi. "Tíṣà, ẹ máa kà á fún wa!"

"Ení! Èjì!" Ohùn Dúpẹ́ gba gbogbo pápá.

Orúkọ márùn-ún ni wọ́n pè fún ìwé-ẹ̀rí. Wọn kò pe tirẹ̀. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kuta, ó nu ojú nù, ó lọ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ọdún kan sí i. Bí ẹ bá fi ipá mú mi lọ, kíláàsì ni n ó dá sílẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá pòṣé. "Orí kunkun rẹ yìí! Ọdún kan péré."

Nígbà tí àkókò àbẹ̀wò tún tó, Ọ̀gá Sàlàkọ́ pè é. "Ṣé o ti gbọ́n báyìí?"

"Gbogbo wọn ni n ó kó jáde, sà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pa orúkọ mi rẹ́ láti òní nínú àwọn tó ń wá ìwé-ẹ̀rí."

Ọ̀gá kò pa á rẹ́. Òyìnbó mìíràn ló wá lọ́dún náà. Ó ka orúkọ inú ìwé kíláàsì Dúpẹ́, ó ka àwọn ọmọ lórí pápá, ó rí i pé wọ́n pé, ó sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí Adégòkè gbà lọ́dún tó kọjá.

Kò dùn ún. Nígbà tí wọ́n fi òun náà ṣe olùkọ́ àwọn olùkọ́ kékeré, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ fún wọn nìyí: "Ẹ má fi ọmọ kankan pamọ́ nítorí ìyìn. Ẹni tó yan kìkì àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí ló wá kọ́ wọn? Nítorí ẹni tí kò tíì lè ṣe é ni wọ́n ṣe ń pè wá ní tíṣà."