Òwú Dúdú Tó Ṣẹ́kù

Ilẹ̀kùn tí Alábẹ́rẹ́ rán ní títì lánàá ti ṣí díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé o. Ti ilé wà bó ṣe wà, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀kùn orí aṣọ ni. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń rán àwòrán ilé ìdáná rẹ̀ sórí aṣọ funfun oníhò wínníwínní: sítóòfù, ìkòkò tó wà lórí rẹ̀, tábìlì, fèrèsé, ọkọ rẹ̀ lórí àga onítìmùtìmù, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní igun ọ̀tún. Àgbélébùú kéékèèké ni ó fi rán gbogbo rẹ̀. Òwú kan á kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, èkejì á gùn ún, èyí tó wà lókè á sì kọjú síbì kan náà láti òkè aṣọ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ẹyọ kan yà sí ibòmíràn, nítorí ojú á rí i kíá, bí eyín tó wọ́ lẹ́nu arẹwà.

Ó gbé aṣọ náà sún mọ́ fèrèsé. Àlàfo funfun kan ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dúdú náà, kò fẹ̀ ju okùn bàtà lọ. Nínú àlàfo yẹn ni àgbélébùú dúdú mẹ́rin tò léra wọn sí, bí orí ìka mẹ́rin tó di etí ilẹ̀kùn mú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú sí òdì.

"Bàbá wa, ṣé ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì. Birikilà ni kó tó fẹ̀yìn tì.

"Èmi? Ọwọ́ tó fi ogójì ọdún gbé búlọ́ọ̀kù ni yóò wá di abẹ́rẹ́ mú? Bi ìkòkò rẹ. Òun ló ń wọ kóòtù nínú ilé yìí, bóyá ó ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ mọ́ ọn."

Kóòtù ìkòkò yìí ni ọkùnrin náà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún méjì. Alábẹ́rẹ́ fi aṣọ méjì rán an, ó ki òwú ìtìmùtìmù sí àárín wọn, pé bí iná bá kú, kí ọbẹ̀ má tètè tutù. Àlejò kan kì í dé kí birikilà má pè é wá wo ìkòkò tí òtútù ń mú.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó mọ òwú dúdú yẹn.

Iṣẹ́ tó fi tọ́mọ ni kó máa rán ìrọ̀rí kékeré fún káfíńtà tó ń kan pósí. Ìrọ̀rí náà ni wọ́n ń fi sábẹ́ orí òkú, àwọn ẹbí á sì ní kó rán nǹkan tó jọ ìgbé ayé olóògbé sí i. Òfin kan ṣoṣo ni obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́: òwú òkú kì í sùn nílé alààyè. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú ìrọ̀rí ni kó kì í sí kó tó rán ẹnu rẹ̀ pa. Ọgbọ̀n ọdún ni Alábẹ́rẹ́ fi pa á mọ́.

Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin kan dé, ẹni tó ń tún aago ṣe nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n ní kó rán aago sí ìrọ̀rí rẹ̀. Òwú tí àwọn ẹbí kó wá ń dán bí irun ọmọ tuntun. Ó rán roboto aago, ó rán nọ́ńbà méjèèjìlá, ó rán ọwọ́ gígùn. Ó ku ọwọ́ kúkúrú nìkan nígbà tí òwú náà wọ̀ ọ́ lójú. Ó pe káfíńtà, ó ní òwú ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni aago ọlọ́wọ́ kan ṣe wọlẹ̀. Ó ká èyí tó kù, fọ́nrán gígùn mẹ́ta, sínú agolo bísíkíìtì. Òun náà ló fi rán ilẹ̀kùn sórí aṣọ yìí. Òun náà ló fi rán bàtà sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, apá ọkùnrin kan ti wọlé dé ìgbúnwọ́ lórí aṣọ náà. Bàtà òsì ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ihò aṣọ nìkan ló ṣẹ́kù.

"Ẹsẹ̀ òsì mi tutù," ni birikilà wí nígbà tí wọ́n ń jẹun àárọ̀.

Alábẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó dì í mú. Ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ kànga. Dókítà wá, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó kọ oògùn sílẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sùn lọ lọ́sàn-án, obìnrin náà mú sísọ́ọ̀sì kó lè gé òwú burúkú náà kúrò. Bí ẹnu sísọ́ọ̀sì ṣe kàn án báyìí ni birikilà ké láti ojú oorun pé, "Ta ló ń gé mi lẹ́sẹ̀?"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀. Kò tún gbé e mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, èjìká ti wọlé, orí ti wọlé. Bàtà ọ̀tún ti lọ, ẹnu ṣòkòtò ti ń bá a lọ. Birikilà kò lè dìde lórí àga. Kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni láti àárọ̀, èyí ló dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀ jù. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ló bá dìde láti ṣe. Ó rẹ́ alùbọ́sà, ó fi bọ́tà yan án lórí iná tí kò le títí tó fi pọ́n, ó da adìyẹ sí i, ó da ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì sí i, ó bu omi lé e, ó sì fi iyọ̀ sílẹ̀ dìgbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Òjò ń rọ̀. Gbogbo ilé ń ta sánsán.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́.

Ògiri gíga ló yí ẹ̀yìnkùlé wọn ká. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà débẹ̀ àfi kó gba inú ilé kọjá.

Kí Alábẹ́rẹ́ tó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó ti ṣí. Ọkùnrin kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ dúró síbẹ̀. Òjò ń lu ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ kú ilé o, ìyá." Ohùn rẹ̀ kéré, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àpótí. "Mo wá gba òwú mi."

Alábẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Ojúkòkòrò ni."

"Ọwọ́ gígùn nìkan lẹ rán sí aago mi. Ìṣẹ́jú ni mo mọ̀, n kò mọ wákàtí. Gbogbo àwọn tá a jọ dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run ti mọ àsìkò tiwọn, wọ́n ti kọjá. Èmi nìkan ló jókòó síbẹ̀, tí mò ń ka ìṣẹ́jú."

"Ẹ mú òwú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀."

"Òwú mi ni mò ń fà. Ohun tó so mọ́ ọn, èmi kọ́ ni mo so ó."

Birikilà gbé orí sókè lórí àga. Ó wo àlejò, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí kò yẹ kí etí gbọ́. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. "Alábẹ́rẹ́," ó wí pẹ̀lú ohùn tó rẹ̀, "ẹni tó bá wa níbi oúnjẹ kì í dúró. Fún bàbá ní àga."

Imú àlejò ń mì. "Alùbọ́sà nìyẹn?"

"Mo fi bọ́tà yan án," ni obìnrin náà dáhùn, ọgbọ́n kan sì sọ sí i nínú. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bù ún fún yín. Bí ooru bá ń jáde lójú abọ́ yín, ẹ má fa òwú kankan. Bó bá ti tutù, kí ẹ mú ohun tí ẹ bá lè mú."

Ọkùnrin náà rò ó. "Abọ́ kan?"

"Abọ́ kan."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ òsì di ṣíbí mú, kò sì tì í bọ inú abọ́. Ó tẹ orí sórí ooru ọbẹ̀, ó ń fà á símú díẹ̀díẹ̀. Ooru náà ni oúnjẹ rẹ̀.

Alábẹ́rẹ́ yí aṣọ àwòrán náà dà. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ìwà òṣìṣẹ́. Níbẹ̀ ló ti rí orí fọ́nrán àkọ́kọ́, tó fi pamọ́ sábẹ́ òwú mìíràn. Ó fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú gbé e, ó ń tú u lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó rán kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ tú. Kò fà á, kò já a. Bí fọ́nrán náà ṣe ń gùn lórí itan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara àlejò ń di òjìji, fèrèsé sì ń hàn láàárín rẹ̀.

Ooru abọ́ ti ń dín kù. Birikilà na ọwọ́ sí ìkòkò, ó bu ọbẹ̀ gbígbóná, ó dà á sínú abọ́ àlejò.

"Abọ́ kan la sọ," ni àlejò wí.

"Ṣé ẹ rí èjì?" ni birikilà bi í.

Àlejò wo abọ́. Kò rí èjì. Ó tún tẹ orí.

Fọ́nrán àkọ́kọ́ bọ́ lódidi. "Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi ń yún mi," ni ọkọ rẹ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́. Omijé bọ́ lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè.

Fọ́nrán kejì dé ìdajì, iná sítóòfù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó di búlúù tín-ín-rín, ó pòóyì lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Gáàsì ti tán.

Àlejò gbé orí sókè. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dúró.

"Kóòtù!" ni birikilà ké. "Alábẹ́rẹ́, ju kóòtù ìkòkò sí mi!"

Ó jù ú. Ọkùnrin tó ti fi kóòtù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún méjì wá ń wọ̀ ọ́ fún ìkòkò bí ẹni tó ń múra fún ọmọ kó tó lọ ilé ìwé. Ó di okùn rẹ̀. Ó fa ọrùn rẹ̀ pọ̀. Ìgbà yòówù tí ooru abọ́ bá fẹ́ lọ, á ṣí ọrùn kóòtù, á bu díẹ̀, á tún dì í. Ọbẹ̀ inú rẹ̀ kò mọ̀ pé iná ti kú.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o," ó wí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, "ṣùgbọ́n kóòtù yìí dára."

Fọ́nrán kejì bọ́. Èyí tó kẹ́yìn ló le jù, nítorí àlejò ti ta á ní kókó níbi orúnkún ọkọ rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, ó ń dán. Alábẹ́rẹ́ kò wò ó. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ wọ inú kókó náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ṣíbí ti ń kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Birikilà da èyí tó kẹ́yìn sínú abọ́. Ooru rẹ̀ gòkè, ó tín-ín-rín, ó dà bí èémí ẹni tó ń sùn.

Kókó náà tú.

Ó to fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, lódidi, láìjá. Kò sí ohun tó kù lára àlejò mọ́ àfi ọwọ́ òsì kan àti ohùn. Ọwọ́ náà kó òwú, ó pa á mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Agogo mélòó ló lù báyìí?" ni ohùn náà béèrè, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ṣìnà.

Obìnrin náà wo aago ara ògiri. Ọdún kẹrin rèé tó ti kú.

"Agogo méjì," ni birikilà dáhùn. "Ogójì ọdún ni agogo méjì fi jẹ́ àsìkò oúnjẹ wa lẹ́nu iṣẹ́. Ikùn mi ti lù ú báyìí, kì í sì í parọ́."

Ohùn náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá." Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rọra padé.

Birikilà dìde. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú, ó sì fi ijó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ìdí tábìlì. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú wọn. Nígbà tó yá, ó tọ́ ọbẹ̀ inú abọ́ àlejò wò. Abọ́ ṣì kún, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà kò ní adùn kankan, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ọwọ́. Wọ́n fá ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ, kò tíì sí oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nílé yẹn rí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Alábẹ́rẹ́ ti fi òwú tirẹ̀ rán ilẹ̀kùn pa. Bàtà pupa ló rán sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Pupa? Ṣé mo jọ ọlọ́mọge lójú rẹ?"

"Ẹ bá mi sin ìkòkò lọ ra kóòtù dúdú, ẹ ó sì ra bàtà dúdú tiyín bọ̀."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ọ. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Aago ara ògiri ni. Ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkúrú ń lọ, wákàtí rẹ̀ sì pé. Birikilà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àpótí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ó wò ó pẹ́.

"Kí lẹ rí?"

"Kò sí bátìrì níbẹ̀."

Aago náà ń lọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ọkàn ẹyẹ.

"Ẹ gbé e padà," ni Alábẹ́rẹ́ wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ àlejò wa náà nìyẹn."