Òwú Pupa Lẹ́nu Páìpù

Póǹpù epo ti di àwátì. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì kẹta, wọ́n bá àyè rẹ̀ lófìfo.

Àwọn àgbà Lincolnshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọdún mọ́kànlélógún tún ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù yìí ṣe. Sátidé ló yẹ kó fò lọ sílé tuntun rẹ̀ ní gúúsù. Bó bá yẹ̀ lọ́jọ́ náà, àṣẹ ìfò rẹ̀ kú nìyẹn.

Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá Hilda Scrimshaw yọjú wo inú ẹ́ńjìnnì. Olè ti fi àkísà mímọ́ dí ẹnu páìpù. Òwú pupa kan ń fì lára àkísà náà.

"Kí ni tòwú?"

"Òfin wa ni," Thurlby, olórí wọn, dáhùn. "Ohun tá a bá fi dí ihò, a gbọ́dọ̀ so nǹkan pupa mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ tó lọ fò, òkú ni. Rìbọ́ọ̀nù la máa ń lò. Inú sítọ́ọ̀ ló wà, èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀."

Olè tó jí fèrè ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Hilda mọ̀ pé kì í ṣe ọjà ni wọ́n fẹ́ gbé póǹpù yẹn lọ. Ẹni mẹ́ta péré ló lè ṣílẹ̀kùn ilé onípáànù tí ọkọ̀ náà wà. Thurlby wà lára wọn, ṣùgbọ́n òun ì bá lo rìbọ́ọ̀nù.

Ó kọjú sí Doreen Pask, tó ń kun ọkọ̀ náà lọ́dà. "Wọ́n ní ẹ búra pé ọkọ̀ yìí ò ní kúrò lábúlé."

"Mo búra! Ẹnu lásán ni. Sájẹ́ńtì, ẹ gbé póǹpù àti ìkòkò tíì síwájú mi, mo lè fi póǹpù se tíì."

Ó ku Bàbá Cawthorne, alátùn-únṣe ẹ́ńjìnnì. Òun nìkan jókòó sábẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀, ó wé síkáàfù pupa, ó ki etí síkáàfù náà méjèèjì bọ inú kóòtù.

"Òtútù ni, Bàbá?"

"Òtútù ibí ò mọ àgbà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa etí síkáàfù yẹn síta."

Ó pẹ́ kó tó fà á. Etí kan ti tú. Hilda gbé òwú náà lé e. Ọ̀kan náà ni.

"Edna ìyàwó mi ló hun ún fún mi," ni bàbá wí. "Póǹpù wà lórí àga ẹ̀ nílé, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wé e. Látìgbà tó ti kú, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ tá a ń pàdé níbí nìkan lẹnì kan ń pe orúkọ mi. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, kí ni mo tún ń wá síbí ṣe?"

"Ká ní ẹ ò so òwú ni, n ò bá tí mọ̀."

"Kí ẹlòmíì wá gbàgbé àkísà síbẹ̀, kí ọkọ̀ já? Mo fẹ́ kó dúró ni. Mi ò fẹ́ kó pààyàn."

Thurlby mi orí. "Òpònú! Ọdún mọ́kànlélógún, o ò lè sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò bi mí."

Thurlby ní, "Lọ gbé póǹpù wá. Ẹni tó so ó ni í tú u."

Cawthorne gbé e wá, ó tú òwú náà, ó de póǹpù padà sáyè rẹ̀. Ọkọ̀ fò ní Sátidé.

Ní Ìṣẹ́gun, lágogo mẹ́sàn-án, ó ṣílẹ̀kùn ilé onípáànù, ó se tíì ife mẹ́ta fún òun, Thurlby àti Doreen bó ṣe máa ń ṣe, ó mu tirẹ̀. Méjì tó kù tutù síbẹ̀.