Odò Tí Erin Ti Ń Mumi

"Guy, níbo nìyí?" Titus já fóònù gbà lọ́wọ́ Máyọ̀wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n wà ní basement ilé àwọn Máyọ̀wá ní Falconridge, lókè òkun. Snow ti bo fèrèsé. Nínú fóònù, abo erin kan àti ọmọ rẹ̀ ń mumi létí odò.

"Igbó ọba ni, ní Nàìjíríà. Uncle Gbémiga, àbúrò mọ́mì mi, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Òun ló mú mi lọ nígbà ọlidé."

"Lie! AI ni jàre. Tó bá dá ẹ lójú, post it with the location."

Máyọ̀wá rántí ohùn Uncle létí odò náà: "Má fi ibí han ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń wá eyín erin ń ṣọ́ fóònù ju bí a ṣe ń ṣọ́ igbó lọ."

Titus ṣì ń rẹ́rìn-ín. Máyọ̀wá fi fídíò náà síta, tòun ti ibi tó ti yà á.

Kò pẹ́ tí Uncle fi pe mọ́mì. Máyọ̀wá ń gbọ́.

"Àǹtí, wọ́n ti pa abo erin yẹn. Wọ́n gé ojú ẹ̀ lọ nítorí eyín. Ọmọ ẹ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ọlọ́pàá ti mú Akeem tí a jọ ń ṣọ́gbó. Wọ́n ní òun ló júwe odò fún àwọn tó pa á."

Máyọ̀wá sáré pa fídíò náà rẹ́.

"Nobody go know," ni Titus wí.

Ṣùgbọ́n bí train bá ti tẹ búréèkì, igbe ọmọ erin ni Máyọ̀wá ń gbọ́. Bó bá ń wẹ̀, á dà bíi pé nǹkan ńlá kan ń fa omi mu lẹ́yìn rẹ̀. Snow ẹ̀yìnkùlé yọ́ ní ribiti-ribiti, bí ojú ẹsẹ̀ erin. Ó mọ̀ pé oòrùn ni. Síbẹ̀, kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Nígbà tó yá, ó pe Uncle. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe Akeem. Èmi ni mo fi odò yẹn síta."

Uncle bi í léèrè:

"Ṣé wàá lè sọ ọ́ fún ọlọ́pàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mọ́mì jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́ fún ọlọ́pàá lórí fóònù. Wọ́n tú Akeem sílẹ̀. Akeem fúnra rẹ̀ pè é.

"Àbúrò, o ṣeun. Òótọ́ tó o sọ ló yọ mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ erin yẹn ńkọ́?"

"Ó kú lánàá. Kò gba omi lọ́wọ́ wa."

Òótọ́ tú ènìyàn sílẹ̀ látìmọ́lé, kò jí òkú. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Kí ọmọdé tó fi àṣírí gba ìyìn, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ?